Ẹlẹ́dẹ̀ Baálẹ̀ ní Oko Savelina

Erékùṣù Uvea tí à ń gbé kò tóbi, ṣùgbọ́n tó bá di ti ìjọba, a kì í ṣe tálákà rárá. A ní ọba, tí ààfin rẹ̀ wà ní Mata-Utu. A ní aṣojú ìjọba Faransé, tí ọ́fíìsì tirẹ̀ kò jìnnà sí ààfin. A sì ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí agogo rẹ̀ ń dún lé àwọn méjèèjì lórí. Ilẹ̀ Faransé yìí kan náà ló bẹ́ orí ọba tirẹ̀ nígbà kan, tó ní òun kò fẹ́ ọba mọ́. Òun náà ló wá ń san owó oṣù fún ọba tiwa, títí kan baálẹ̀ abúlé. Ẹni tọ́rọ̀ náà kò bá yé kó fọkàn balẹ̀. Kò yé àwa náà.

Savelina, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, kò bá ìkankan nínú àwọn ìjọba wọ̀nyí jà rí. Abúlé Halafoa ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ́kọ. Ọmọ wọn obìnrin, Losa, ṣì ń rákòrò nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ bàálù lọ sí ìlú Nouméa lókè òkun láti lọ ṣiṣẹ́ kùsà. Ó kọ́kọ́ ń fowó ránṣẹ́, nígbà tó yá ó ń fi ìkíni ránṣẹ́, nígbà tó tún yá, ìkíni náà ṣìnà. Savelina gba oko ìyá rẹ̀, ó ń gbin iṣu àti kókò, ó fi tọ́ Losa títí òun náà fi lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. Obìnrin gíga ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa a máa sá fún ẹ̀rín náà.

Kusitino, baálẹ̀ wa, ní akọ ẹlẹ́dẹ̀ ńlá kan tí etí rẹ̀ kan ya. Mínísítà là ń pè é, torí kò sẹ́ni tó rí i kó ṣiṣẹ́ rí, ojoojúmọ́ ló sì ń sanra. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, oko Savelina ló yàn láàyò. Bó bá hú ebè kan lónìí, á tún padà wá hú òmíràn lọ́la.

Savelina lọ bá Baálẹ̀ nílé.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ẹlẹ́dẹ̀ yín ń jẹ mí níṣu o."

"Ẹlẹ́dẹ̀ wo?"

"Èyí tí etí rẹ̀ ya."

"Ẹlẹ́dẹ̀ tí etí rẹ̀ ya pọ̀ láyé, Savelina."

"Wọ́n pọ̀, Bàbá. Ẹyọ kan ló ń sùn sẹ́yìn ilé yín."

Baálẹ̀ ní ẹran kò mọ ààlà, pé Olúwa ló dá a bẹ́ẹ̀. Ó ní tó bá ní ẹjọ́, kó gbé e lọ síbi tó yẹ.

Savelina gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ọ̀gá wọn, Lemercier, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Faransé ni, oòrùn ti sọ ọ́ di pupa bí edé sísè. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wá bi í léèrè pé, "Ṣé orí ilẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, ìyá?"

"Ọ̀gá, ṣé inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń gbin iṣu níbi tiyín ni?"

Ó ní kó má bínú, òfin ló ní kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wà lọ́wọ́ àṣà ìbílẹ̀. Kó lọ bá baálẹ̀.

"Baálẹ̀ ló ni ẹlẹ́dẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Lemercier wí. "Ẹ ò tún ní máa wá ilé rẹ̀ kiri."

Ní ààfin, wọ́n gba gbòǹgbò kafa tí Savelina mú dání, èyí tí à ń gún pò mọ́ omi mu níbi ayẹyẹ, wọ́n kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, wọ́n ní ẹjọ́ abúlé kì í dé iwájú ọba àfi tí baálẹ̀ abúlé náà bá mú un wá. Fádà ní kó fi ìyà náà rú ẹbọ sí Olúwa. Ó tún lọ sọ́dọ̀ Selevasio, ọmọ ìgbìmọ̀ aṣòfin wa, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ àfi tó bá ń sùn.

"Ìyá Losa, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí dénú egungun! Màá gbé e dé ilé aṣòfin. Èèyàn mélòó ló ń dìbò nínú ilé yín?"

"Èmi nìkan."

"Háà," ni Selevasio wí. Ìrora náà ti ń fi egungun rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ọdún Pétérù Mímọ́ ku ọ̀la, Savelina dé oko, ó bá Mínísítà tó na gbalaja sórí ebè tó kẹ́yìn, tó yó, tó ń sùn. Àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ bó ṣe ṣe é fún wa rí, a ò sì bi í.

Ní ọjọ́ ọdún, gbogbo ilé ló kó ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fi iná sun wá sí pápá ìta ṣọ́ọ̀ṣì. Savelina gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Iná ti jẹ etí ẹran náà méjèèjì. Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti rí i, torí níbi tiwa, ẹni tí kò mú ẹran wá là ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Lẹ́yìn tí àwọn àgbà mu kafa tán, akígbe bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹran Savelina bí ipò ṣe rí. Àárín ẹ̀yìn ẹran náà, ti Baálẹ̀. Itan kan, ti ọ̀gá ọlọ́pàá tó jẹ́ àlejò wa. Ìhà, ti Selevasio.

Baálẹ̀ jẹ ẹ́ títí, ó ń lá ìka.

"Ẹran yìí sanra o! Bí ẹni pé iṣu ni wọ́n fi bọ́ ọ."

"Iṣu ni wọ́n fi bọ́ ọ lóòótọ́, Bàbá," ni Savelina dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ọdún ni Baálẹ̀ tó rántí Mínísítà. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i, ló bá pe ìpàdé abúlé. Ó ní olè ti wọ Halafoa, kí ẹni tó bá mọ ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ òun wà dìde. Savelina dìde, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ ti jẹ ẹ́. Iwájú yín ni mo gbé e kalẹ̀ sí. Ẹ tilẹ̀ yìn ín."

Ìyàwó Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ló bá di ẹ̀rín gbogbo abúlé.

Ẹ ò rí i pé ìjọba wa kò ṣeé fojú di! Àwọn tí kò mọ̀nà oko Savelina látọjọ́ yìí, kíá ni wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ Lemercier ti dúró síta, ìránṣẹ́ ààfin dé, Selevasio náà dé nínú ṣẹ́ẹ̀tì olódòdó. Lemercier ní olè jíjà ni, ti ìjọba Faransé ni ẹjọ́ náà. Ìránṣẹ́ ààfin ní ẹlẹ́dẹ̀ abúlé ni, ti àṣà ni. Selevasio ń gbè sẹ́yìn ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Savelina tẹ́ ẹní, ó gbé omi àgbọn kalẹ̀.

"Ẹ jókòó, ẹ̀yin ìjọba. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá yín."

Lemercier ṣí ìwé rẹ̀. "Ẹ̀rí dà? Níbo lẹran náà wà?"

"Itan rẹ̀ kan wà nínú fìríìjì yín, ọ̀gá, àfi tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán."

Lemercier wúkọ́. Ó ní bí òun ṣe tún rò ó wò, ti àṣà lọ̀rọ̀ náà. Kò tiẹ̀ dúró mu omi àgbọn.

Ni àwọn àgbà abúlé bá dá ẹjọ́ fún Savelina pé kó tọrọ àforíjì: kafa, ẹní kan, ẹlẹ́dẹ̀ kan. Ó kúnlẹ̀, ó gbé kafa àti ẹní sílẹ̀.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́?" ni àgbà kan bi í.

"Èyí tí Baálẹ̀ jẹ mí ní gbèsè nítorí iṣu mi ni kó mú."

Àgbà náà wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní ẹjọ́ tán.

Baálẹ̀ fi igi àgbọn sọ ọgbà yí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tó kù ká. Kò sí òfin tó mú un ṣe é. Ẹ̀rín ni, torí àwọn ọmọdé ti ń bi í léèrè lójú ọ̀nà bóyá Mínísítà dùn. Selevasio dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ lórí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń rìn kiri. Wọ́n lọ sí Nouméa láti wo ọgbà, wọ́n lọ sí Tahiti láti tún un wò. Wọn ò tíì wá sí Halafoa wá wo tiwa.

Ní ọjọ́ kan tí a jọ ń kọ ebè tuntun, mo ní inú ẹ̀gbọ́n mi á mà dùn o. Ó mi orí.

"Àbúrò, kì í ṣe iṣu ló dùn mí. Mo rò pé tí èèyàn bá ní ìjọba tó pọ̀ báyìí, ọ̀kan nínú wọn á gbọ́."

Iṣu ta dáadáa lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó yọ àkọ́so fún ọba, ó yọ ti fádà, ó yọ ti Baálẹ̀, ó di ti Losa sínú àpótí tó ń wọ bàálù lọ. Ti ọba ló tóbi jù. Ó fọ iyẹ̀pẹ̀ ara iṣu náà kúrò, ó gbé e rù, ó forí lé ọ̀nà Mata-Utu.