Ọjọ́ Tí A Fi Iyán Àlejò Kọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Emùré ni mo ti di tíṣà. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn ọmọ ń wọ́ wá sílé-ìwé láti oko àti abà, àwọn tíṣà ò sì tó. Bí wọ́n ṣe fa kíláàsì kẹfà lé èmi tí irùngbọ̀n mi kò tíì hù dáadáa lọ́wọ́ nìyẹn. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi lọ́jọ́ orí. Bí èdè Ìkẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì yọ lẹ́nu mi, wọn a fọwọ́ bo ẹnu, wọn a máa rẹ́rìn-ín sínú. Inú mi kì í pẹ́ gbóná, ẹ̀rín yẹn a sì máa ká mi lára, àmọ́ mo fẹ́ràn wọn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù lọ́dún yẹn. Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Bí mo bá yege, ìjọba yóò fún mi ní ìwé-ẹ̀rí, n ó sì di tíṣà gidi. Bí mo bá kùnà, wọn á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, n ó sì padà sí oko kòkó bàbá mi. Bàbá mi kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní ìdí kòkó ń retí mi, pé àdá kì í béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mi ò kórìíra oko, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Iwájú pátákó ìkọ̀wé ni ara ti ń tù mí.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn fún mi fún ọjọ́ náà le. Ó dá lórí bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ti kọjá tí ojú wọn kò tó. Àwa náà ní tiwa. A máa ń ní "kò lè jẹ́ pé ó ti lọ", a sì máa ń ní "ó lè má tíì lọ". Ti Gẹ̀ẹ́sì ni kì í tètè wọ orí. Bí wọ́n bá ní "cannot have", wọ́n ti ti ilẹ̀kùn pa nìyẹn. Lójú tiwọn, nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá ní "may not have", wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn: ó lè má ṣẹlẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀. "Need not have" tún wà, ìyẹn fún ẹni tó ti ṣe wàhálà tán kó tó mọ̀ pé kò pọn dandan. Mo kọ́ wọn títí ó fi sú mi. Àpẹẹrẹ inú ìwé ni wọ́n ń kà lákàtúnkà, nípa ọkùnrin kan tí ọkọ̀ ojú irin fi sílẹ̀. Ta ló ti rí ọkọ̀ ojú irin rí ní Emùré?

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ ṣòkòtò péńpé funfun tí mo lọ̀ títí ó fi dúró gbọnrangandan. A jókòó, a ń retí. Ọ̀nà Ìsẹ̀ ni alábẹ̀wò ti ń bọ̀. Oòrùn ń gòkè, kò sẹ́ni tó wọlé. Bí mo ṣe ń rìn síwá sẹ́yìn ni a gbọ́ ìró odó láti ilé ọ̀gá ilé-ìwé, tó wà ní òdìkejì ọ̀nà.

Ní Èkìtì, a kì í gúnyán láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ará oko bá ti dé, ni odó ń dún. Bí odó bá wá dún nígbà tí ilé ti ṣófo, àlejò pàtàkì ló dé. Ọmọkùnrin kan tó wà lẹ́bàá fèrèsé na ọrùn, ó ní òun rí kẹ̀kẹ́ níwájú ilé ọ̀gá, àti ọkùnrin kan tó wọ káákì, tó dé akẹtẹ̀ òyìnbó.

Inú mi dùn. Mo ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ohun tí wọ́n rò pé ó dá àlejò wa dúró. Ìgbà yẹn ni ẹnu wọn là. Ọ̀kan ní kò lè jẹ́ pé ó ṣìnà, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Òmíràn ní ó lè má jẹun kó tó kúrò ní Ìsẹ̀. Ẹ̀kẹta ní kò pọn dandan kó fi kẹ̀kẹ́ gun òkè rárá nígbà tí lọ́rì wà. Cannot have, may not have, need not have, ó ń jáde lẹ́nu wọn wẹ́rẹ́. Èmi náà gbàgbé ẹ̀rù. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sórí pátákó, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé ẹni tí wọ́n gúnyán fún yẹn kò lè jẹ́ ẹlòmíràn, alábẹ̀wò ni.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn, ó ti ń di ọmọge, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Tíṣà, tótó, ó ṣe bí òwe."

Gbogbo wa mọ̀ pé ó fẹ́ ta kò mí. Láyé ìgbà náà, ọmọ kì í ta ko àgbà, kí a má tilẹ̀ wá sọ ti tíṣà tó ní pàṣán lórí tábìlì. Ara mi gbóná. Ó ku díẹ̀ kí n ní kó jókòó jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ balẹ̀, mo sì fẹ́ mọ̀, ni mo bá bi í pé kí ló rí.

Ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó ń mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àlejò náà lè má jẹ́ alábẹ̀wò. Nígbà tó dé orí ìdí rẹ̀, ó bọ́ sí èdè wa. "Nígbà tí mò ń bọ̀ láàárọ̀, àwọn ìyá àdúgbò wa ń da omi ìkòkò nù, wọ́n ń gbá ẹ̀yìn ulé. Ta ni í torí alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ gbá ẹ̀yìn ulé? Mo rò pé wolé-wolé ló wọ̀lú."

Wolé-wolé ni ọkùnrin ìjọba tó ń yọjú sínú ìkòkò omi kiri, tó ń wá tanwíjì, tó sì ń gbé ẹni tó bá rí i nílé rẹ̀ lọ sí kóòtù. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo wo pátákó, mo wo ọmọ náà. Mo nu ohun tí mo kọ, mo sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ni ohùn kan bá wá láti ẹ̀yìn fèrèsé. Bàbá kan tó wọ dàńṣíkí òfì ló ti jókòó síbẹ̀ látàárọ̀. Gbogbo wa rò pé òbí ọmọ kan ni.

"Ọmọ yẹn gbà á," ó ní. "Èmi ni alábẹ̀wò. I cannot have eaten that pounded yam. Ebi ń pa mí."

Lọ́rì ló gbé e wá láti Ìsẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé kò mọ̀ ọ́n lójú rí. Bó ṣe rí káákì àti kẹ̀kẹ́ báyìí, ó ti dọ̀bálẹ̀, ó ti fa wolé-wolé wọlé, a kì í sì í bi àlejò ní ohun tó bá wá kó tó jẹun. Nígbà tí yóò fi bi í, iyán ti tán nínú àwo. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì: wolé-wolé kò ṣí ìkòkò kankan wò nílé náà. Ìyàwó ọ̀gá gbé ọmọ odó padà, ó ń ráhùn, odó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Lẹ́yìn tí alábẹ̀wò ti jẹ tirẹ̀ tán, ó pè mí sí ìdí igi. 

"Ẹ̀kọ́ rẹ dára," ó ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo rò tí mo fi ní kí wọ́n fún ọ ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹ̀yìn fèrèsé ọ̀pọ̀ tíṣà ni mo ti jókòó rí. Ọmọ yẹn ta kò ọ́ lójú gbogbo kíláàsì, o sì bi í pé kí ló rí. Máa kọ́ wọn lọ."

Ayọ̀ náà pọ̀ jù mí lọ. Mo dúpẹ́ títí, mo wá lọ dúró sẹ́yìn ilé-ìwé, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí mo nu ojú mi tán, mo padà sí kíláàsì. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́, àmọ́ wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí wolé-wolé. Àwọn kan ní kò lè ṣàìmọ̀ pé iyán ẹlòmíràn lòun ń jẹ. Ọmọbìnrin yẹn ní ó lè má mọ̀, ebi kì í jẹ́ kéèyàn béèrè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ wọn, mi ò sì fẹ́ wọlé.