Òrùka Irin Tó Ga Jù

Àwọn ará àdúgbò gbà pé orúnkún ló lé Àgùnfọn kúrò nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ọmọbìnrin náà le koko bí irin tí bàbá rẹ̀ ń jó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé wọn, níbi tí òpó irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀.

Iṣẹ́ jórinjórin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe: géètì, irin ojú fèrèsé, àga ilé-ìwé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ga ju ẹgbẹ́ lọ, tí wọ́n sọ ọ́ ní Àgùnfọn, tí ó sì ń tẹ̀ bá wọn rìn kí wọ́n má baà rí i, bàbá ní kó nàró, pé gíga kì í ṣe àìsàn. Ó tẹ irin róbótó, ó jó o mọ́ òpó, ó sì gbé pákó sẹ́yìn rẹ̀. Ó ti béèrè bí òrùka pápá ìṣeré ṣe máa ń ga tó. Ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ fi ìwọ̀n apá kan kún un ni.

"Ẹ ò kúkú gbé e kọ́ sójú ọ̀run," ni ìyá ọmọ wí láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Ẹni tó ti ń ru òkúta, ṣé pákó ló máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn?" ni bàbá dáhùn. "Tó bá mọ tiwa jù, tiwọn á dà bí eré ọmọdé lójú ẹ̀."

Ó jọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ẹni tó ń ru ẹrù, agbára ló ń kọ́. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, ìwọ̀n ló ń kọ́, ìwọ̀n tí apá bá sì ti mọ̀ kì í tètè gbàgbé.

Nírọ̀lẹ́, Àgùnfọn á máa jù, bàbá á máa jó irin. Nígbà mìíràn bàbá á ṣí ìbòjú dúdú rẹ̀ sókè iwájú orí, á ní, "Gbé e sókè, ọmọ mi." Bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, kò ní yìn ín. Á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á da ìbòjú bo ojú, á padà sídìí iná. Ẹ̀rín yẹn ni ọmọ ń jù ú fún.

Ilé-ìwé girama rẹ̀ kò ní òrùka kankan. Gíga rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yá nílẹ̀ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì wò tí wọ́n fi mú un, wọ́n ní kó fi ọdún àkọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò, lẹ́yìn náà ni àwọn yóò mọ ẹni tí yóò dúró. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sí pápá, bọ́ọ̀lù rẹ̀ fò kọjá òrùka, ó lu orí pákó, ó bọ́ sẹ́yìn. Òmíràn tẹ̀ lé e, bákan náà.

"Àgùnfọn, ẹyẹ lò ń sọ̀kò sí ni?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ikọ̀ bi í, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, obìnrin kan tí fèrè kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Bàbá mi ni, mà. Àwọn ló ṣe òrùka tí mo fi kọ́ ọ."

"Báwo ló ṣe ga tó?"

Àgùnfọn na ọwọ́ sókè, ó fò díẹ̀. Obìnrin náà wo ọwọ́ náà, ó wo òrùka. "Ó yé mi. Lọ gbé àga wá."

Orí àga ló jókòó sí jálẹ̀ sáà náà, ó ń ju bọ́ọ̀lù láìlo ẹsẹ̀, kí apá rẹ̀ lè gbàgbé ìwọ̀n àtijọ́. Nígbà tó fi máa dìde, bọ́ọ̀lù ti ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ ti ń ju bọ́ọ̀lù sí i. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní, "Bó o bá ṣe báyìí dé ìparí, o dúró nìyẹn."

Nígbà náà ni ìsinmi dé. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí bàbá ti ní, "Ó yá, jẹ́ ká rí nǹkan tí wọ́n kọ́ ọ." Ó jù ú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bọ́ọ̀lù kò dé òrùka. Ó tún jù ú. Kò dé e.

"Wọ́n ti bà ẹ́ jẹ́," ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó yẹ kí ọmọ sọ ọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló ń pa òun lára? Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó fi gbogbo ara gbé bọ́ọ̀lù sókè bíi ti àtijọ́. Ó wọlé. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó da ìbòjú bo ojú. Jálẹ̀ ìsinmi náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jù ú.

Apá tó padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò mọ èyí tí yóò ṣe mọ́. Lónìí á wọlé, lọ́la á fò kọjá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá bi í bóyá ó fọwọ́ kan òrùka ilé. Ó ní rárá.

Ìdíje ìparí ọdún ni bàbá wá wò. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó jókòó síwájú nínú ilé ìṣeré. Eré ti fẹ́ parí, ikọ̀ wọn sì fi díẹ̀ wà lẹ́yìn, nígbà tí alátakò gbá Àgùnfọn lọ́wọ́, tí wọ́n fún un ní ìjù ọ̀fẹ́ méjì. Ó ti to apá rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lórí àga nígbà tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀:

"Gbé e sókè, ọmọ mi."

Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Bọ́ọ̀lù méjèèjì ló fò kọjá òrùka.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá pè é sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. "Mi ò lé ẹ torí o tàsé. Gbogbo wa là ń tàsé. Mo bi ẹ́ nípa òrùka ilé yín, o parọ́ fún mi. Mi ò lè tún ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún mi ṣe."

Nígbà tó jáde, bàbá rẹ̀ ló kù nínú ilé ìṣeré náà. Ó dúró lábẹ́ òrùka, ó gbójú sókè, ó na apá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wọn géètì. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ilé, ó bi í:

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ó ti pẹ́, bàbá."

"O ò sì sọ fún mi."



Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ti gé òpó náà nísàlẹ̀, ó ti jó o padà, òrùka sì wà níbi tó yẹ kó wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀ jáde. Àgùnfọn jù ú bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lórí àga. Ó wọlé láìkan irin.

Obìnrin kan tó wá gba aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Wò ó bó ṣe mọ̀ ọ́n jù. Kí ló dé tí wọ́n ní o ò padà síkọ̀ mọ́?"

Àgùnfọn mú bọ́ọ̀lù nílẹ̀. "Orúnkún ni, mà."

Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ó ti pa iná tipẹ́, kò sí irin kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó da ìbòjú dúdú náà bo ojú, kò sì ṣí i.