Aṣọ́lé tó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rùú kan ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì nísàlẹ̀ Mápó. Bàbá aṣọ́lé wa, aránṣọ kan ní Bẹẹrẹ, ní òun á wòran ná kí òun tó pinnu bóyá ọmọ òun á máa bá a lọ. Ìdajì sáà ló tó wá, lọ́jọ́ tí àwa àti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn jọ ń gbá bọ́ọ̀lù. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe rí i, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Dìde! Bọ́ọ̀lù ń bọ̀!"

Bọ́ọ̀lù gba orí rẹ̀ kọjá, ó wọlé.

"Ṣé ìrun lò ń kí ni?" ni ẹnì kan nínú wa pariwo.

A pàdánù. Wọ́n ní bàbá náà rẹ́rìn-ín títí délé. N kò bá wọn délé. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni pé ní Ọjọ́rùú tó tẹ̀lé e, òun ló gbé bàtà bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀ wá sí pápá.