Ọjọ́ Tí Ọkọ Mi Gbèjà Mọ́tò

Mi ò ní orogún, àmọ́ mo mọ bí owú ṣe máa ń ta ni lọ́kàn láràárọ̀. Mọ́tò ọkọ mi ni mò ń jowú. Ó ti dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dà ara rẹ̀ sì ti ń ṣí. Síbẹ̀, kí ọkọ mi tó gbéra lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, á kọ́kọ́ fi aṣọ tútù nù ún láti iwájú dé ẹ̀yìn, á sì máa kì í: "Arẹrù-má-kérora, arìnnà-má-sọnù, aya rere." Aya rere, ẹ gbọ́. Èmi tí ìyá bàbá mi sọ ní oríkì lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, ohun tí mò ń gbọ́ láràárọ̀ kò ju pé ṣé iná wà láti fi lọ aṣọ.

Owú náà nídìí. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ wọlé ọkọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jẹun nílé wa lójú gbogbo ẹbí, ó ní omi ìṣanwọ́ ni mo bu ata sí. Mo wo ọkọ mi. Ó ń wo àjà. Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín, òun náà bu òkèlè mìíràn. Èmi ni mo dá ẹ̀gbọ́n lóhùn fúnra mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó ṣe yẹ ìyàwó ilé, àmọ́ láti ìgbà náà ni mo ti ń retí ọjọ́ tí ọkùnrin yìí máa lanu nítorí mi. Ẹ̀gbọ́n ò yéé bú ọbẹ̀ mi, èmi náà ò yéé retí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, a lọ ra ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. A di ẹ̀yìn mọ́tò débi pé ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀, mo sì yà á ní fọ́tò kí n lè fi han àwọn tó rán mi níbi iṣẹ́. Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, nítòsí Wásinmi, jíìpù dúdú kan sáré kọjá lára wa bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kò pẹ́ tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dá wa dúró. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ti ká wa mọ́ eré àsápajúdé. Jíìpù ti lọ ní tiẹ̀. Ọkọ mi ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Wọ́n já ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó wá rí adájọ́ l'Ábẹ́òkúta.

Àwọn aládùúgbò ní kó lọ sanwó, kó jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun ò ní sanwó ẹ̀ṣẹ̀ tí jíìpù dá. Ó ní èmi ni ẹlẹ́rìí òun, inú mi sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó ti pẹ́ tá a ti jọ dúró síbì kan tí mọ́tò ò sí láàárín wa. Mo ní fọ́tò yẹn gan-an ni ẹ̀rí wa, pé ta ló máa rí mọ́tò tí ìrẹsì wọ̀ lọ́rùn bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé ó sáré. Ó wo fọ́tò náà títí. Ó ní kò gbé mọ́tò náà yọ dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, ó fi ọṣẹ wẹ mọ́tò, bí ẹni pé mọ́tò náà ni wọ́n fẹ́ pè síwájú adájọ́.

Àwọn awakọ̀ kún inú kóòtù. Ẹni tí wọ́n bá pè á ní òun jẹ̀bi, á sanwó ìtanràn, á sì máa lọ. Nígbà tí ọkọ mi ní òun ò jẹ̀bi, adájọ́, obìnrin kan tó wọ awò ojú, gbórí sókè wò ó. Ẹ̀ṣọ́ sọ tẹnu ẹ̀. Ọkọ mi náà ro ẹjọ́ jíìpù, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n, orí mi sì wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí. Adájọ́ wo fọ́tò tó wà lórí fóònù mi, ó wá bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ dájú pé kì í ṣe mọ́tò wa ni ẹ̀rọ náà rí.

"Olúwa mi," mo ní, "mọ́tò yẹn ò lè sáré."

Ǹ bá dákẹ́ síbẹ̀. Mi ò dákẹ́. Mo sọ bó ṣe máa ń mí gúlegúle tó bá kan òkè. Mo sọ bá a ṣe máa ń pa ẹ̀rọ amúlétutù kó tó lè gun òkè kékeré dé ilé wa. Mo sọ ti ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi tá a fi okùn dè, àti ọ́ìlì tó ń tọ̀ sílẹ̀ níwájú ilé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ orogún fún bàbá ọkọ. Akọ̀wé kóòtù ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Adájọ́ ti mú bírò rẹ̀. À ń jàre lọ nìyẹn.

Ni ọkọ mi bá dìde.

"Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Mọ́tò náà lè sáré."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ṣé ó lè sáré tó èyí tí wọ́n kọ síbí?"

"Ó lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú ẹ̀ ò sí nígboro mọ́."

Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ dúró díẹ̀, bóyá ọkọ mi máa kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, àmọ́ ṣe ló nàró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bú ọmọ rẹ̀ lójú ẹ̀. Adájọ́ ní kó sanwó ìtanràn, pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

Níta, mi ò wọ mọ́tò. Mo dúró ti ìlẹ̀kùn olókùn náà. Kì í ṣe owó ló ń dùn mí. Ó dìde. Ọkùnrin tí mo rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń dìde gbèjà ẹnikẹ́ni, ó dìde lójú adájọ́, nítorí irin.

"Gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n yín ń bú ọbẹ̀ mi, ẹ ò sọ̀rọ̀," mo ní. "Ṣé mi ò tó mọ́tò ni?"

Ó fi ìka nu eruku kúrò lórí mọ́tò.

"Ìwọ lẹ́nu," ó ní. "Mọ́tò ò lẹ́nu."

Mo tú okùn ìlẹ̀kùn, mo wọ mọ́tò. Ohun tó bí mi nínú jù ni pé irọ́ kọ́ ló pa.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n wá kí wa. Mo se ìrẹsì Ọ̀fàdà náà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ìyàwó, ṣé wọn kì í ta iyọ̀ ládùúgbò yín ni. Èsì ti dé orí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mo jókòó bí ẹni tí kò lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n alára ń retí èsì mi. Ọkọ mi wò mí, ó wo àjà, ó tún wò mí. Ó fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọbẹ̀ náà dùn."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n jẹun tán láìsọ nǹkan kan mọ́, èmi sì lọ dúró nínú ilé ìdáná kí wọ́n má baà rí ojú mi. Inú mi dùn títí mo fi sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣì wà lórí ibùsùn nígbà tí mo gbọ́ omi lójúde, tí mo gbọ́ aṣọ tútù lára irin. Arẹrù-má-kérora, arìnnà-má-sọnù, aya rere. Ó wá fi ọ̀kan kún un: asáré-ju-jíìpù-lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni èmi rí gbà láti gbogbo ọdún yìí wá. Mọ́tò gba odindi kóòtù, ó tún gba oríkì tuntun lé e.