Àtàǹpàkò Bàbá Mi Lórí Ìwé Igbó

Bàbá mi, Rùfáì, àgbẹ̀ kòkó ní Ìkirè, lágídí púpọ̀. Nígbà tí iná ẹ̀ẹ̀rùn jó oko kòkó káàkiri lọ́dún 1983, igbó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn lẹ́bàá Ararọ̀mí-Òwu kò jó. Odò inú rẹ̀ ni gbogbo abúlé pọn mu lọ́dún náà.

Kò pẹ́ táwọn onígẹdú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bàbá ń lé wọn, ṣùgbọ́n Bàbá mọ̀ pé ọjọ́ tí àwọn bá kú, tí ààfáà bá pín ogún tán, àwa ọmọ máa ta igi ibẹ̀. Wọn ò fepo bọyọ̀, wọ́n sọ ọ́ lójú wa. Ó bí mi nínú, torí òótọ́ ni.

Ní 1986, Bàbá lọ bá lọ́yà kan ní Àpòmù. Lọ́yà kọ ìwé pé ilẹ̀ ṣì jẹ́ tiwa, a lè ṣa obì, a lè he ìgbín níbẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa gé igi títí ayé. Àwọn ará Ararọ̀mí ni Bàbá fún láṣẹ láti ṣọ́ ọ. Jemima, télọ̀ abúlé, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló ń tọ́jú ìwé náà, torí ó mọ̀wé, kì í sì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Bàbá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún 1991, ìjì ṣí òrùlé wa. Bàbá ní ìrókò kan ṣoṣo ti tó láti fi tún un ṣe. Lójú tiwọn, àwa ọmọ ni ìwé yẹn dè, kì í ṣe àwọn. Wọ́n mú onígẹdú kan dání lọ sínú igbó, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Jemima ti gbọ́, ó ti wà nídìí ìrókò náà ká tó débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó wá ṣí ìwé.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, àtàǹpàkò ta nìyí?”

Bàbá wo ìwé, wọ́n wo ìka ara wọn. Wọ́n fi ìrókò náà sílẹ̀ láìgé, inú sì bí wọn débi pé wọn ò jẹ́ kíkí ẹnikẹ́ni títí a fi délé. Oṣù méje ni òjò fi pa wá lábẹ́ tapólì kí wọ́n tó rówó ra pákó, igi igbó ẹlòmíì.

Bàbá kú ní 1996. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹ̀gbọ́n mi Sùlè ti pe onígẹdú wálé. Mi ò ní purọ́, èmi náà ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi ìpín tèmi ṣe. Jemima gbé ìwé náà dé, kò tilẹ̀ kà á. Ó kàn bi wá bóyá a rántí oṣù méje yẹn. Sùlè gbójú sókè wo àjà. Ó wá ní kí onígẹdú máa lọ.

Ká ní Bàbá gé ìrókò kan yẹn ni, à bá ti gé gbogbo ìyókù.