Germaine àti Àpótí Bọ́ọ̀lù Irin

Ẹni tó bá ní kí Germaine má ṣe nǹkan, onítọ̀hún ti rán an níṣẹ́ náà nìyẹn. Bó ṣe rí láti kékeré nìyẹn.

Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, filípẹ́ẹ̀ kan wà nílé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní Savè: àpótí ńlá ẹlẹ́sẹ̀ irin mẹ́rin, dígí bò ó lójú, iná ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀. Èèyàn á ta bọ́ọ̀lù irin kékeré sókè, á máa fi apá méjì tó wà nísàlẹ̀ gbá a padà kó má bàa já sí ihò. Àwọn ọkùnrin nìkan ló ń ta á. Bí ọmọbìnrin bá sún mọ́ ọn, wọ́n á lé e bí ẹni ń lé adìẹ. Wọ́n lé Germaine náà, kò sì gbàgbé.

Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta báyìí. Ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tún ṣe nínú bútíìkì kan níwájú ilé ẹbí ọkọ rẹ̀ ní àdúgbò Plateau. Òun àti olóògbé ló jọ mọ bíríkì ibẹ̀. Láti Bessé títí dé Okpara ni àwọn aránṣọ ti ń gbé ẹ̀rọ wá bá a.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé ọtí náà, tí wọ́n sì fẹ́ gbé filípẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, ó tètè lọ rà á. Adìẹ ti yé sínú rẹ̀, eku sì ti jẹ wáyà. Ọ̀sán gangan ló fi ọmọlanke gbé e wálé, kí gbogbo àdúgbò lè rí i dáadáa.

Barthélemy, àbúrò ọkọ rẹ̀, ti ń wo bútíìkì yẹn tipẹ́ bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ó fẹ́ máa kó sìmẹ́ǹtì sí i. Ó wá rí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé tẹ́tẹ́ lo gbé wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi? Bí nǹkan yìí kò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ ìpàdé ẹbí, kí o kẹ́rù rẹ jáde ní bútíìkì. Bó bá ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ mọ́ láéláé."

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. "Ọkọ mi" ni Germaine ń pe Barthélemy, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń nu ikun imú rẹ̀ nígbà kan.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ lọ tún un sọ níwájú Bàbá Clément."

Ó tún un sọ níwájú olórí ẹbí, kò sì lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́.

Germaine kò mọ nǹkan kan nípa filípẹ́ẹ̀, àmọ́ ó mọ irin. Ó ha gbogbo ibi tó ti dípẹtà, ó so wáyà tí eku jẹ. Àwọn òrùka rọ́bà inú rẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ń rún bí àkàrà àná. Òrùka kékeré tó máa ń wà níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń ká òwú ló fi rọ́pò wọn. Lẹ́yìn náà, ó ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe kì í gbàgbé: ó yá ìwọ̀n tí bíríkìlà fi ń mọ ibi tó tẹ́jú, ó yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ojú àpótí fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Fíúsì tó ń retí láti Cotonou, àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ló dé, kò sì ráyè dán iṣẹ́ wò.

Ẹbí pé síwájú bútíìkì. Germaine so ó mọ́ iná. Iná tàn, agogo dún, àwọn èèyàn hó yèè. Ó ta bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù gòkè, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó sì dúró sáàárín gbùngbùn. Kò lọ, kò bọ̀.

Barthélemy bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti kú! Ìyàwó wa, kó ẹrù rẹ."

Inú bí Germaine gan-an. Ojú tì í pẹ̀lú, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Nílé ọtí, bọ́ọ̀lù máa ń padà bá àwọn ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ ni. Kí ló ń tì í? Kí ló ń ti omi òjò tó ń ṣàn látorí àwọn òkè Savè wá sílé wa?

"Èmi ni mo bà á jẹ́!" ló kígbe. "Mo mú un tẹ́jú. Kò yẹ kó tẹ́jú."

Ó wá pákó méjì. Awawou, aránṣọ tó wà lódìkejì títì, sáré wá bá a gbé ẹ̀yìn àpótí.

"Èyí ò sí nínú àdéhùn!" ni Barthélemy wí.

"Jẹ́ kó parí iṣẹ́ rẹ̀," ni Bàbá Clément dáhùn.

Kí wọ́n tó ki pákó kejì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù ti ń yí bọ̀. Germaine sáré bọ́ síwájú, ó gbá a. Agogo ń dún, nọ́ńbà ń yí, ó tún gbá a, ó tún gbá a.

Bàbá Clément gbọ́wọ́ sókè. "Barthélemy, ó tán. Látòní lọ, obìnrin yìí ló ni bútíìkì."

Germaine kúnlẹ̀ bí ìyàwó ilé, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ má wí pé látòní. Èmi ni mo ni ín kí n tó ra nǹkan yìí. Ká ní bọ́ọ̀lù yẹn dúró síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, mi ò ní kó ẹrù kankan. Ẹ̀yin ọkọ mi lẹ máa gbé mi jáde, lójú gbogbo Savè."

Barthélemy ń wo ilẹ̀. Bàbá Clément mi orí sókè sódò.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Tìrẹ ni tẹ́lẹ̀."