Òórùn Kẹrosíìnì Lára Ẹja

Nílùú òyìnbó tí mò ń gbé, mo ra ààrò onírin tí wọ́n fi ń yan ẹran níta. Òórùn epo tí mo fi tan èédú rẹ̀ ràn mọ́ ẹja tí mo kọ́kọ́ yan. Bí mo ṣe fi í sẹ́nu, ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi ní Abereke, abúlé wa létí òkun, sọ sí mi lọ́kàn.

Ìyá mi ń yan ẹja tí bàbá mi kó ti òkun dé. Oníbàárà rẹ̀ láti Igbókọ̀dá gbé ọ̀kan sí imú, ó sì dá a padà.

"Òórùn kẹrosíìnì ń jáde lára ẹja yìí," ló wí, ó sì wọkọ̀ lọ.

Èmi ni mo rọ kẹrosíìnì sínú àtùpà láàárọ̀, n kò sì fọwọ́ kí n tó bá ìyá mi to ẹja. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi.

"Ìye, ẹ má nà mí. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wo àwọ̀n rẹ̀ tó dúdú. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé epo rọ̀bì ló tú sínú omi wa.

Ìyá mi fà mí mọ́ra, ó ń sunkún.

"Ọwọ́ rẹ mọ́, ọmọ mi."

Ó wá bu omi pa iná náà. N kò rí i kó tún dáná yan ẹja mọ́.